Ọtí Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́: Ọtí Ilé Tí A Fojú Tẹ́ńbẹ́lú

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ fún wa lónìí lè dà bí àwàdà létí àwọn mìíràn. Ọ̀rọ̀ ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí a ń fi àgbàdo pọn ni, àti ti àwọn ìbátan rẹ̀ tí a ń fi ọkà bàbà pọn. N kò wá síhìn-ín láti kọ́ ẹnikẹ́ni ní ọtí mímu. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí tí kì í fẹnu kan ọtí wà nínú àwọn tí ń gbọ́ wa, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Ìtàn ni mo wá sọ: ìtàn ìmọ̀ kan tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa, bí àwa ọmọ wọn ṣe kẹ́gàn rẹ̀, àti bí ọdún kan ṣe dé tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń wá irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kiri.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Apọntí ni ìyá tí ó bí bàbá mi. Nígbà tí olùkọ́ bi wá léèrè iṣẹ́ àwọn ará ilé wa ní ilé ẹ̀kọ́, mo dáhùn pé àgbàdo ni ìyá àgbà ń tà. N kò purọ́ tán, n kò sì sọ òtítọ́. Ojú ń tì mí ni. Nínú gbogbo ọmọ kíláàsì wa, kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí a mọ òun mọ́ ọtí inú ìkòkò.

Orísun rẹ̀

Ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọkà bàbà jẹ́ ọkà ilẹ̀ Áfíríkà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàdo kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ti kọ́kọ́ gbìn ín. Lẹ́yìn ìrìn àjò Columbus ní ọdún 1492 ni àwọn ará Yúróòpù tó mú un kọjá òkun, ó sì ti tàn dé etí òkun tiwa ní sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún. Nítorí náà, ọtí bàbà ni ẹ̀gbọ́n, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni àbúrò. Ó bọ́gbọ́n mu láti gbà pé àwọn obìnrin tí wọ́n ti mọ bí a ti ń mú bàbà hù ni wọ́n gbé ọgbọ́n náà lé àgbàdo tí ó jẹ́ àlejò.

Ọ̀nà kejì tí ìtàn yìí gbà ni ó yani lẹ́nu jù. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, nígbà tí ogun fọ́ ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá ni a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà. Wọn kò lè gbé ìkòkò dání, ṣùgbọ́n wọ́n gbé orúkọ dání. Títí di òní, àwọn Lùkùmí ní Kúbà ń ṣe ohun mímu kan fún ọdún òrìṣà tí wọ́n ń pè ní cheketé. Àgbàdo yíyan, omi ọsàn kíkan àti ṣúgà pupa ni wọ́n fi ń ṣe é, wọn a sì jẹ́ kí ó kan. Àgbàdo ti Amẹ́ríkà wá bá wa. Orúkọ ọtí rẹ̀ sì tún ti ọ̀dọ̀ wa padà sí ọ̀hún, lẹ́nu àwọn tí a dè ní ìdè. Nígbà tí a ń fi í ṣẹ̀sín nílé, àwọn kan ń fi í bọ òrìṣà lẹ́yìn odi.

Bí a ṣe ń pọn ọ́n

Iṣẹ́ obìnrin ni pípọn ọtí yìí, iṣẹ́ sùúrù sì ni. Apọntí a rẹ àgbàdo sínú omi fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Yóò kó o jáde, yóò tẹ́ ẹ sórí ewé, yóò fi ewé mìíràn bò ó, yóò sì máa wọ́n omi sí i. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, àgbàdo náà yóò ti hù. Yóò sá a sí oòrùn kí ó gbẹ, yóò lọ̀ ọ́, yóò pò ó mọ́ omi, yóò sì sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Nígbà tí ó bá tutù, yóò sẹ́ ẹ, yóò sì fi í sílẹ̀ nínú ìkòkò fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni yóò ti máa hó, tí yóò sì kan.

Èéṣe tí ọkà fi gbọdọ̀ hù? Hóró tí ó ń hù ń tú oúnjẹ inú ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀mùnú lè rí i jẹ. Èròjà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní ẹ́ńsáìmù ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà: òun ni ó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà. Ìwúkàrà ni yóò wá jẹ ṣúgà náà, tí yóò sọ ọ́ di ọtí. Ọ̀nà yìí gan-an ni àwọn ará Yúróòpù ń gbà fi ọkà báálì ṣe bíà.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn. Sítáàṣì inú báálì máa ń jinná ní ooru tí kò le jù, tí ẹ́ńsáìmù lè fara dà. Ti ọkà bàbà a máa fẹ́ ooru tí ó tó ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ooru bẹ́ẹ̀ sì ń pa ẹ́ńsáìmù. Bí a bá sè é, òṣìṣẹ́ kú. Bí a kò bá sè é, iṣẹ́ kò ṣeé ṣe.

Báwo ni àwọn ìyá wa ṣe yanjú rẹ̀? Ẹ wo àárín gbùngbùn ilẹ̀ Benin, ní agbègbè Ìdáàṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́, níbi tí àwọn ará wa ti ń pọn ọtí tí a ń kọ orúkọ rẹ̀ ní tchakpalo. Apọntí kì í gbé gbogbo àpòpọ̀ rẹ̀ kaná. A jẹ́ kí ó tòrò, a rọra da omi orí rẹ̀ sọ́tọ̀, a sì se gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ nìkan. Lẹ́yìn náà ni a ó da omi tí a yà sọ́tọ̀ padà mọ́ ọn. Inú omi tútù yẹn ni ẹ́ńsáìmù sá pamọ́ sí, láàyè. Àwọn obìnrin tí kò gbọ́ orúkọ ẹ́ńsáìmù rí ni wọ́n ń ṣe èyí.

Bí ẹ̀gàn ṣe dé

Bíà inú igò ti ń ti òkè òkun wá sí Èkó tipẹ́, ṣùgbọ́n ní ọdún 1946 ni a dá ilé iṣẹ́ Nigerian Breweries sílẹ̀, bíà Star àkọ́kọ́ sì jáde ní Èkó ní 1949. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èyí: iṣẹ́ dé, owó dé, ohun mímu tí kì í yí padà láti igò kan sí èkejì sì dé. Àṣìṣe wà nínú bí a ṣe gba nǹkan tuntun náà. Igò di àmì ọ̀làjú, igbá di àmì òṣì. Ẹni tí ń ṣe ìgbéyàwó kò jẹ́ gbé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ síwájú àlejò tí ó kàwé. Nígbà tí ó ṣe, àwọn ọmọbìnrin apọntí kò kọ́ iṣẹ́ náà mọ́.

Ọdún 1988

Kò pẹ́ tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980 tí owó ilẹ̀ òkèèrè fi wọ́n. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1988, ìjọba Nàìjíríà fi òfin de kíkó ọkà báálì híhù wọ ìlú. Àwọn ilé iṣẹ́ bíà ní láti yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Ilé ìwádìí ìjọba tí ó wà ní Òṣòdì ti ṣe ìwádìí lórí bàbà kí òfin náà tó dé, ìyẹn sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Síbẹ̀, ìṣòro ooru àti ẹ́ńsáìmù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni ó dojú kọ wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ra ẹ́ńsáìmù láti òkè òkun láti fi pọn ọkà tí a gbìn nílé.

N kò sọ pé ìkòkò ìyá àgbà lè ṣe iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìṣòro tí ó dà bí àjèjì sí àwọn ọ̀mọ̀wé kì í ṣe àjèjì sí obìnrin kan ní Ìdáàṣà. Nígbà tí wọ́n ṣí òfin náà, bàbà kò kúrò nínú bíà Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń mu ún nínú igò ni kò mọ̀ pé ọkà tí òun ń gàn ni òun ń mu.

Ẹ̀bi tirẹ̀ náà

Kí a má ṣe gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kì í pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó ti kan kọjá mímu. Adùn rẹ̀ kì í dọ́gba láti ìkòkò dé ìkòkò. Bí ọkà bá bu níbi tí a gbé ń mú un hù, ó lè pa ènìyàn lára. Òtítọ́ ni gbogbo èyí, ó sì yẹ kí a wá àtúnṣe sí i. Ṣùgbọ́n àléébù kì í ṣe ìdí tí a fi ń sọ ọmọ nù. Láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ní ọdún 1971, nígbà tí bíà ilé iṣẹ́ ńlá fẹ́ gbá bíà àtijọ́ inú àgbá dànù, àwọn ọkùnrin mẹ́rin dá ẹgbẹ́ CAMRA sílẹ̀ láti gbèjà rẹ̀. Bíà inú àgbá náà kì í pẹ́ bàjẹ́. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kọ́ àwọn ẹlòmíràn láti fẹ́ràn rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó kù

Ohun tí a ní ni à á náání. Ọmọ aṣẹ́gità a máa náání èèpo igi. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, bí apọntí kan bá ṣẹ́ kù ní ìlú yín, ẹ tọ̀ ọ́ lọ pẹ̀lú ìwé àti gègé. Ẹ bi í léèrè iye ọjọ́, iye omi, irú ewé tí ó ń lò, àti ẹni tí ó kọ́ ọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́, kí ẹ má ṣe tún un ṣe fún un.

Mo ní ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín. Ìyá àgbà mi a máa gbé etí sí ẹnu ìkòkò ní òru, yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò sì sọ pé, "Ó kù díẹ̀," tàbí, "Ó tó." Kì í ṣìnà. Mo wà níbẹ̀, mo ń wò ó, mo sì ń bẹ̀rù pé kí ọ̀rẹ́ mi kan má ṣe gba ojúde kọjá. N kò bi í léèrè ohun tí ó ń gbọ́ títí ó fi lọ.