Ihò Eléérú: Òkú Àtijọ́ Kan Nínú Igbó Ìsàrun

Nígbàkígbà tí a bá ń pìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀, Ifẹ̀ ni a máa ń bẹ̀rẹ̀ sí, a ó sì ka àwọn ọba títí yóò fi kàn wá. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ yìí ti gba òkú ènìyàn tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dé adé, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nínú igbó Ìsàrun, ní nǹkan bí máìlì 15 sí Àkúrẹ́.

Ihò Eléérú ni orúkọ ibẹ̀, èyíinì ni ihò àpáta tí ó ní eérú. Àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé kọ ọ́ ní “Iwo Eleru”, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé gbogbo ayé sì ń pè é fún ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó dá orúkọ rẹ̀ padà fún un. Ó dùn mọ́ wa, nítorí ìwo kì í ṣe ihò, ẹlẹ́rù kì í sì í ṣe eléérú.

Ní 1965 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni tí ó ti walẹ̀ ní Igbo-Ukwu ṣáájú, wá walẹ̀ níbẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tí ọwọ́ ènìyàn fọ́ láti fi ṣe ohun èlò tí wọ́n hú jáde lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Àpáàdì àti àáké òkúta dídán, irú èyí tí àwa ń pè ní ẹdùn àrá tí àwọn oníṣàngó sì ń tọ́jú, wà ní apá òkè. Nísàlẹ̀, níbi tí kò sí àpáàdì kankan, ni wọ́n ti kan egungun ènìyàn.

A ká òkú náà jọ ni kí a tó tẹ́ ẹ sínú ilẹ̀. Ilẹ̀ igbó wa kì í pẹ́ jẹ egungun, nítorí náà púpọ̀ nínú rẹ̀ ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n agbárí rẹ̀ ṣẹ́kù. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò: ẹnìkan gbẹ́ ilẹ̀, ó ká apá àti ẹsẹ̀ ẹni rẹ̀ jọ, ó sì bò ó mọ́lẹ̀ lábẹ́ àpáta tí àwọn alààyè ń gbé. Àwọn baba wa pẹ̀lú a máa sin àgbà sínú ilé, kí ó má baà jìnnà sí àwọn ọmọ rẹ̀. A kò sọ pé ọ̀dọ̀ ará Ihò Eléérú ni a ti kọ́ àṣà yìí. Ṣùgbọ́n kò ṣe àjèjì sí wa.

Èédú tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun náà fi hàn pé ó lé ní 11,000 ọdún. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2011 lórí egungun náà gan-an fi í sí àárín 11,700 sí 16,300 ọdún. Píramídì Íjíbítì tí gbogbo ayé ń ròyìn kò tíì pé 5,000.

Ta wá ni ẹni náà? Ní 1971, Don Brothwell àti Shaw kọ ọ́ pé ó jẹ́ aṣáájú àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ní 2011, Katerina Harvati, Chris Stringer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wọn agbárí náà, wọ́n sì rí i pé ó gùn, ó sì rẹlẹ̀, ó jọ ti àwọn ènìyàn tí ó ti gbé ayé ṣáájú rẹ̀ púpọ̀ ju tiwa lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe sáré pè é ní baba ńlá ìdílé rẹ̀. Ní tiwa, alábòójútó ibojì rẹ̀ ni a jẹ́, ìyẹn sì tó iṣẹ́.

Àwọn tí ó tún padà síbẹ̀ tẹ ìwádìí mìíràn jáde ní 2023: ní bí 6,000 ọdún sẹ́yìn, ọ̀dàn gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ agbègbè náà, ṣùgbọ́n àyíká Ihò Eléérú kò yéé jẹ́ igbó.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn àgbẹ̀ wa. Ohun tí ó jẹ́ kí a mọ ọjọ́ orí òkú yìí ni pé èédú àti egungun wà pọ̀ ní ipò kan náà nínú ilẹ̀. Bí a bá ti hú wọn kúrò láìwọn jíjìn wọn, ìtàn wọn ti sọnù. Ẹni tí ọkọ́ rẹ̀ bá kan egungun tàbí àpáàdì lábẹ́ àpáta, kí ó dúró, kí ó fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà, kí ó sì ránṣẹ́ sí ààfin.