vCard: ìlànà tí ń tọ́jú orúkọ àti nọ́mbà sínú fáìlì tí ojú lè kà

vCard ni orúkọ ìlànà tí fóònù àti kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé láti kọ orúkọ ènìyàn, nọ́mbà tẹlifóònù rẹ̀, àdírẹ́sì ilé rẹ̀ àti ti ímeèlì rẹ̀ sínú fáìlì, kí ẹ̀rọ mìíràn lè gbà á, kí ó sì mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́. Orúkọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ a máa parí sí .vcf. Ẹni tí ó bá fi nọ́mbà ẹnìkan ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti inú ìwé orúkọ orí fóònù, vCard ni ó sábà máa ń fi ránṣẹ́, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó mú ìlànà yìí ṣe pàtàkì ni pé ọ̀rọ̀ lásán ni ó wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà ni, nọ́mbà ni, àmì ìkọ̀wé sì ni. Kò sí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání. Láyé àtijọ́, inú ìwé kékeré tí ó wà nínú àpò ni àwọn ènìyàn ń kọ nọ́mbà sí. Lónìí, orí fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí fóònù bá bọ́ sínú omi, tàbí tí olè gbé e lọ, ọ̀nà láti bá ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun, oníbàárà tó jẹ owó, àti ẹlẹgbẹ́ àtijọ́ sọ̀rọ̀ lè bá a lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Fáìlì tí ojú lè kà ni ó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ irú òfò bẹ́ẹ̀.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀

Ní ọdún 1995 ni àjọ kan tí ń jẹ́ Versit dábàá ìlànà náà. Ilé-iṣẹ́ mẹ́rin ni ó para pọ̀ di àjọ náà: Apple, AT&T, IBM àti Siemens. Ẹ̀dà 2.1, tí ọ̀pọ̀ fóònù lò fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, jáde ní ọdún 1996. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ìlànà náà bọ́ sọ́wọ́ Internet Mail Consortium. Lẹ́yìn èyí ni IETF, àjọ tí ń ṣètò ìlànà fún íntánẹ́ẹ̀tì, gbé ẹ̀dà 3.0 jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1998, nínú ìwé tí nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ RFC 2426. Ẹ̀dà 4.0 tẹ̀lé e ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, nínú RFC 6350.

Bí ó ṣe rí nínú

Bí ènìyàn bá fi ètò ìkọ̀wé lásán ṣí fáìlì .vcf lórí kọ̀ǹpútà, ohun tí yóò rí nìyí. Orúkọ àti nọ́mbà inú rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ lásán.

BEGIN:VCARD
VERSION:4.0
FN:Fọlákẹ́ Ọdẹ́yẹmí
N:Ọdẹ́yẹmí;Fọlákẹ́;;;
TEL:+2348000000000
NOTE:Àbúrò Bàbá\, ẹ̀yìn ọjà ni ilé wọn
END:VCARD

Ìlà kìn-ín-ní àti èyí tó kẹ́yìn dà bí ẹnu ọ̀nà àti ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ni wọ́n ń jẹ́ kí a lè kó ọgọ́rùn-ún ènìyàn sínú fáìlì kan láìjẹ́ pé ti ẹnìkan dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Ìlà kejì sọ ẹ̀dà ìlànà tí a fi kọ ọ́, kí ẹ̀rọ tí ń kà á lè mọ òfin tí yóò tẹ̀lé. FN ni orúkọ bí ó ṣe yẹ kí ojú rí i. N ni orúkọ kan náà tí a pín sí ọ̀nà márùn-ún: orúkọ ìdílé, orúkọ àbísọ, àwọn orúkọ mìíràn, oyè tí ń ṣíwájú orúkọ, àti èyí tí ń tẹ̀lé e. Àmì ; ni ó pààlà sáàárín wọn, ibi tí kò sí nǹkankan a sì dúró lófìfo. TEL jẹ́ nọ́mbà tẹlifóònù, NOTE sì wà fún àlàyé yòówù.

Òfin pàtàkì tó wà nídìí gbogbo èyí ni pé ìlà kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Ohun tó ṣíwájú àmì : ni orúkọ, ohun tó tẹ̀lé e ni iye. Ibí yìí ni vCard ti yàtọ̀ sí CSV, ìlànà mìíràn tí ń fi kọ́mà pín ọ̀rọ̀ bíi tábìlì. Nínú CSV, ipò tí nǹkan wà ni ó ń sọ ohun tí ó jẹ́. Bí kọ́mà kan bá sọnù, nọ́mbà tẹlifóònù lè bọ́ sí ààyè àdírẹ́sì. Nínú vCard, bí ìlà kan bá bàjẹ́, àwọn ìlà yòókù ṣì ń sọ ohun tí wọ́n jẹ́.

Ṣùgbọ́n bí kọ́mà bá wà nínú ọ̀rọ̀ gan-an ńkọ́? Àmì \ ni a ó fi ṣíwájú rẹ̀, bí ó ti rí nínú NOTE lókè yìí, kí ẹ̀rọ má baà rò pé ààlà ni. Bákan náà, bí ìlà bá gùn ju báìtì 75 lọ, ó yẹ kí a ṣẹ́ ẹ, kí ìlà tó tẹ̀lé e sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àlàfo kan. Ohun tí ìlànà kò bá sì ní orúkọ fún, a lè fi X- bẹ̀rẹ̀ orúkọ tuntun fún un.

Orúkọ Yorùbá nínú vCard

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ tí a wo ilé sọ ni ẹ̀rọ lè fi ìṣẹ́jú kan bàjẹ́. Ọdẹ ni ẹni tí ń ṣọdẹ. Òde ni ìta. Ọ̀dẹ̀ sì ni ẹni tí kò gbọ́n. Bí ẹ̀rọ bá gé àmì orí àti ti ìsàlẹ̀ dànù, ode kan náà ni gbogbo wọn dà. Ìdílé ọdẹ tí ń jẹ́ Ọdẹ́yẹmí kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka orúkọ wọn sí ohun mìíràn.

Nínú ẹ̀dà 2.1, lẹ́tà tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ń lò nìkan ni ìlànà náà gbà láìsí àlàyé. Lẹ́tà mìíràn gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé: lẹ́tà ọ á di =E1=BB=8D. Ẹ̀rọ tí kò bá mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú náà á gbé àmì wọ̀nyẹn síwájú ẹni tí ń wá nọ́mbà ìbátan rẹ̀. Ẹ̀dà 4.0 ni ó fòpin sí èyí: UTF-8, ìlànà ìkọ̀wé tí ó gba lẹ́tà gbogbo èdè, ni ó ní kí gbogbo fáìlì lò. Nínú UTF-8, báìtì mẹ́ta ni lẹ́tà ọ gbà. Nítorí náà, ẹ̀dà 4.0 pàṣẹ pé bí a bá ń ṣẹ́ ìlà, a kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ẹ láàárín lẹ́tà kan.

Ìṣòro kan ṣì kù. Lẹ́tà ẹ ní àyè tirẹ̀ nínú kóòdù náà, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ó lè jẹ́ ẹ tí a fi àmì ohùn lé lórí, ó sì lè jẹ́ é tí a fi àmì sí nísàlẹ̀. Ojú kò ní rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń wá orúkọ lè sọ pé kò sí ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Ètò tó bá gbọ́n a máa sọ méjèèjì di ọ̀kan kí ó tó wá a.

Bí a ṣe ń pín orúkọ náà jẹ́ ẹ̀kọ́ mìíràn. Ìyá Bọ́sẹ̀ Alátà kò ní orúkọ ìdílé tí ẹni tí ń pè wọ́n mọ̀, síbẹ̀ orúkọ náà pé. Ẹ̀dà 2.1 àti 3.0 fi dandan lé e pé kí N wà. Ẹ̀dà 4.0 gbà pé FN nìkan tó. Ní báyìí, Ìyá Bọ́sẹ̀ Alátà lè wọlé bí àwọn ènìyàn ṣe ń pè wọ́n.

Nọ́mbà tẹlifóònù kì í ṣe iye

Nọ́mbà tẹlifóònù dà bí iye, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń rò ó pọ̀ tàbí yọ ọ́ kúrò. Ọ̀rọ̀ ni, bí ọ̀rọ̀ sì ni ó yẹ kí a tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ètò ìṣirò ṣí fáìlì CSV lè rí i pé òdo tó ṣíwájú 080 ti sọnù, nítorí pé nínú ìṣirò, òdo iwájú kò jámọ́ nǹkankan. vCard kì í ṣe ìṣirò fún nọ́mbà. Ó sì sàn kí a fi +234 bẹ̀rẹ̀ nọ́mbà Nàìjíríà, kí òdo iwájú sì kúrò. Nọ́mbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080 ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn; ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè fi pe ìyá rẹ̀.

Ìtọ́jú rẹ̀

Ohun tó jẹ́ àǹfààní vCard náà ni ewu rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí fáìlì náà bá bọ́ sí lọ́wọ́ lè ka gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, àti orúkọ, àti ilé, àti àlàyé tí a kọ sí NOTE. Kò yẹ kí a kọ nọ́mbà àṣírí báǹkì síbẹ̀, kò sì yẹ kí a fi ìwé orúkọ odindi ránṣẹ́ sí ẹni tí ó béèrè nọ́mbà kan ṣoṣo.

Ọ̀pọ̀ fóònù òde òní ní ibi tí a ti lè kó gbogbo orúkọ jáde sínú fáìlì .vcf. Ẹni tí ó bá ṣe é, kí ó fi àdàkọ rẹ̀ sí ibi mìíràn yàtọ̀ sí orí fóònù náà, kí ó sì ṣí i wò. Kí ó ka ìlà FN mélòó kan, kí ó wò ó bóyá àmì orúkọ ṣì wà níbẹ̀ àti bóyá nọ́mbà pé. Ìgbà tí ojú rẹ̀ bá ti rí i ni ó tó lè pa ti orí fóònù àtijọ́ rẹ́.