Yíyan Kámẹ́rà fún Ìwádìí Ẹ̀mí Òkú

Kámẹ́rà ni irinṣẹ́ tí àwọn tó ń wádìí bóyá ẹ̀mí òkú ń fara hàn gbára lé jù, ṣùgbọ́n irú èyí tí wọ́n bá yàn ni ó ń pinnu irú àṣìṣe tí yóò wọ inú ẹ̀rí wọn. Ní ọdún 1869, wọ́n gbé William Mumler, tó ń ya fọ́tò tí òjìji òkú ń hàn lẹ́yìn oníbàárà rẹ̀, dé ilé ẹjọ́ ní New York lórí ẹ̀sùn jìbìtì, wọ́n sì dá a sílẹ̀ nítorí pé ẹ̀rí kò tó. Ọ̀rọ̀ William Hope, ará Crewe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òun náà ń ya irú fọ́tò yẹn, kò rí bẹ́ẹ̀: ní 1922, olùwádìí Harry Price kó àwo dígí, èyí tí wọ́n ń ya fọ́tò sí nígbà náà, fún un pẹ̀lú àmì tí a fi pamọ́ sára wọn, àwòrán ẹ̀mí sì jáde lórí àwo tí kò ní àmì kankan, èyí tó fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀.

Lóde òní, fíláàṣì ló ń ṣi àwọn olùwádìí lọ́nà ju ẹ̀tàn lọ. Lára kámẹ́rà kékeré, ẹ̀gbẹ́ ojú kámẹ́rà gan-an ni fíláàṣì wà, nítorí náà eruku, ẹ̀kán òjò tàbí kòkòrò tó bá kọjá níwájú rẹ̀ yóò dá ìmọ́lẹ̀ náà padà tààrà, bí ó sì ti súnmọ́ ju ibi tí kámẹ́rà ti lè ríran kedere lọ, yóò hàn bí òbírí funfun tó ń léfòó, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ẹ̀mí. Kámẹ́rà tí fíláàṣì rẹ̀ ṣeé gbé jìnnà sí ojú rẹ̀, tàbí èyí tó lè yàwòrán láìsí fíláàṣì rárá bí a bá gbé e ka orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ni ó yẹ.

Kámẹ́rà tí a yọ asẹ́ inú rẹ̀ kúrò ń gba ìtànṣán infrared, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí, ṣùgbọ́n aṣọ dúdú lè funfun nínú àwòrán rẹ̀, eruku sì tún ń tàn níwájú fìtílà rẹ̀. Èyí tó ń ya ooru kì í wọn ooru afẹ́fẹ́ bí kò ṣe ti ojú ohun tó wà níwájú rẹ̀, nítorí náà kò lè fi òtútù àárín yàrá hàn, dígí fèrèsé sì lè dá ooru ara ẹni tó mú un lọ́wọ́ padà bí ẹni pé ẹlòmíràn dúró síbẹ̀. Kámẹ́rà Kinect, tí Microsoft ṣe jáde ní 2010 fún eré Xbox, ni kò yẹ kí a fọkàn tán rárá, nítorí pé wọ́n ṣe é láti máa wá orí, apá àti ẹsẹ̀ ènìyàn, ó sì lè rí wọn lára àga lásán.

Kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú méjì tó ń ya ibì kan náà láti igun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí aago wọn bára mu, sàn ju ọ̀kan olówó gọbọi lọ, torí pé eruku tó wà níwájú ọ̀kan kò ní hàn nínú èkejì.