Ìtàn Àsìkò Nínú Gírámà Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn ẹ̀yà Angles àti Saxons, tí wọ́n ti àríwá Jámánì àti Denmark sọdá sí Bìrìtéènì láti ọ̀rúndún karùn-ún, ni wọ́n gbé èdè tí ó di Gẹ̀ẹ́sì débẹ̀. Àsìkò méjì péré ni ọ̀rọ̀-ìṣe wọn ní: èyí tí ó ti kọjá àti èyí tí kò tíì kọjá. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ohun tí yóò ṣe lọ́la, ìrísí ti òní ni yóò lò.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń sọ ohun tí ó ti kọjá. Ọ̀kan ni pípààrọ̀ fáwẹ̀lì inú ọ̀rọ̀: "singan", tí í ṣe kíkọrin, di "sang" fún ẹnì kan, ó di "sungon" fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọ̀rọ̀-ìṣe irú èyí lé ní 300. Èkejì ni fífi ìró "d" kún ìparí, bí "lufian", tí í ṣe fífẹ́ràn, ṣe di "lufode".

Ọ̀nà kejì ni ó borí. Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun England ní 1066, ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé rọ́ wọ inú èdè náà, "-ed" sì ni ó kan ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn: "change" di "changed", "serve" di "served". Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ àbáláyé tẹ̀lé wọn. "Healp" ni àná "help" nígbà kan. "Helped" ni lónìí. Bíbélì Ọba James, tí wọ́n tẹ̀ ní 1611, ṣì ní "holpen" nínú. Àwọn tí kò kúrò lẹ́nu lójoojúmọ́, bí "come", "give" àti "see", ni kò yí padà, nítorí ọmọ kì í tètè gbàgbé ohun tí ó ń gbọ́ nígbà gbogbo. Díẹ̀ tilẹ̀ gba òdìkejì ọ̀nà: "digged" ni Bíbélì yẹn lò níbi tí a ti ń sọ "dug". "Go" ní tirẹ̀ pàdánù àná rẹ̀, ó sì gba "went" lọ́wọ́ "wend". Títí di òní, "-ed" ni ọ̀rọ̀-ìṣe tuntun bí "google" ń gbà.

Bí ìparí ọ̀rọ̀ ti ń dínkù ni aṣèrànwọ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ń ran ọ̀rọ̀-ìṣe lọ́wọ́, ń pọ̀ níwájú. "Have" túmọ̀ sí níní. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí gbólóhùn bí "I have written a letter" ń sọ ni pé ènìyàn ní lẹ́tà kan tí ó ti wà ní kíkọ. Díẹ̀díẹ̀ ni ó di pé ó ti kọ ọ́. "Will" jẹ́ fífẹ́, "shall" jẹ́ gbèsè tàbí dandan. Ohun tí a fẹ́ àti ohun tí a jẹ ní gbèsè, iwájú ni méjèèjì wà. Ibẹ̀ ni wọ́n gbà di àmì ọ̀la. "Going to" jẹ́ ìrìn gidi, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ẹni tí ó jókòó náà lè lò ó. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, "the house is being built" bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò "the house is building". Àwọn onígírámà kan bẹnu àtẹ́ lù ú, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ará ìlú ni ó borí.

Ní 1586 ni William Bullokar tẹ ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́, àwòṣe Látìn ni ó sì tẹ̀lé. John Wallis fi Látìn kọ tirẹ̀ ní 1653, ó sì là á sílẹ̀ pé "shall" ni kí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ fi sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, kí ó fi "will" ṣe ìlérí. Lindley Murray, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó fi York ṣe ibùgbé, ka àsìkò mẹ́fà sílẹ̀ ní 1795, gẹ́gẹ́ bí iye ti Látìn. Ìwé rẹ̀ kárí ilé-ẹ̀kọ́ ní Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè òde òní ti padà sí méjì, nítorí pé ara ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò fi ju ohun tí ó kọjá àti ohun tí kò kọjá hàn. Aṣèrànwọ́ ni ó ń sọ ìyókù, bí "ń", "ti" àti "yóò" ṣe ń sọ ọ́ níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá.