Ilé-Ìwòsàn tí a Ṣí kí Ilé Rẹ̀ Tó Parí: Aró, Abẹ́òkúta, láti 1954

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Òwe yìí fi ibi tí àrùn ọpọlọ wà láwùjọ hàn kedere. Ohun ìwòran ni wèrè jẹ́ fún ará ọjà. Ẹkún ni ó jẹ́ fún ìyá tí ó bí i. Inú òwe yìí ni ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó jẹ́ tuntun nínú ilé-ìwòsàn ìjọba tí a ṣí ní Aró, Abẹ́òkúta, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1954 ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé tí ìjọba ti ní ṣáájú èyí gba wèrè wọlé, wọ́n sì fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ní Aró, wọn kì í gba aláìsàn bí kò bá mú ẹbí rẹ̀ kan dání. Báwo ni irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣe wáyé, ta ni ó sì san owó rẹ̀?

Àwọn ilé tí ó ṣáájú

Ìjọba amúnisìn ṣí ilé àwọn wèrè ní Kàlàbá ní 1904, wọ́n sì ṣí ti Yábàá ní Èkó ní 1907. Ilé ìwòsàn kọ́ ni ilé méjèèjì ní ìtumọ̀ tí ó tọ́. Àtìmọ́lé ni wọ́n. Òfin ọdún 1916 tí ó de ọ̀rọ̀ àwọn wèrè fi agbára lé adájọ́ lọ́wọ́ láti ní kí a mú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, kí a sì tì í mọ́lé. Ohun tí ó jẹ òfin náà lógún ni pé kí ìgboro pa rọ́rọ́. Àwọn tí a ń kó síbẹ̀ jù ni àwọn tí ń rìn gbéregbère láàárín ọjà àti àwọn tí wọ́n ti ṣẹ̀ sí òfin. Ìjábọ̀ tí Robert Cunyngham Brown kọ ní 1938 lórí ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bu ẹnu àtẹ́ lu ipò tí irú ilé bẹ́ẹ̀ wà. Ogun Àgbáyé Kejì sì bẹ́ sílẹ̀ kí àtúnṣe gidi tó dé. Ogun náà gan-an ni ó bí ibùdó Lántòrò ní Abẹ́òkúta ní 1944, nítorí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ti ojú ogun padà wálé pẹ̀lú ọkàn tí ó dàrú.

Ẹni tí ó bá ní ẹbí kì í sábà dé Yábàá. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn ni wọ́n ń gbé e lọ. Nínú agbo ilé oníṣègùn, aláìsàn lè lo oṣù mélòó kan tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyá tàbí àbúrò rẹ̀ a sì máa gbé ibẹ̀ láti máa se oúnjẹ fún un. Oníṣègùn mọ àsínwín yàtọ̀ sí dìndìnrìn, ó sì ní egbòogi tí ń mú ara rọ̀. Gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ wà lára wọn, ohun tí ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀yà igi yìí ni àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ jáde ní 1952 láti ara ìbátan rẹ̀ ti ilẹ̀ Íńdíà, tí wọ́n pè ní reserpine. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìfẹ́ àṣà bo apá kejì mọ́lẹ̀: ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ aláìsàn, pàṣán sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ó mọ iye tí ìwòsàn náà ná wọn.

Ìbẹ̀rẹ̀ Aró

Thomas Adéoyè Lámbò, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 1923, kẹ́kọ̀ọ́ ní Baptist Boys' High School ní ìlú rẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní London. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba irú ẹ̀kọ́ ìṣègùn ọpọlọ bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù. Nígbà tí a fi Aró lé e lọ́wọ́ ní 1954, ilé kò tíì parí. A ti ń retí ilé-ìwòsàn yìí láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Àwọn aláìsàn ń bẹ, ìmọ̀ ń bẹ, kò sí ibùsùn.

Ohun tí ó rọrùn fún un ni kí ó dúró kí àwọn kọ́lékọ́lé parí iṣẹ́ wọn. Kò dúró. Ó tọ àwọn àgbà abúlé mẹ́rin tí ó yí ibẹ̀ ká lọ, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi yàrá háyà fún àwọn aláìsàn. Ó dájú pé ọ̀rọ̀ náà kò lè dùn létí ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Ta ni yóò gba wèrè sí ilé tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn? Ìdáhùn Lámbò sí ìbéèrè náà ni òfin tí ó sọ Aró di olókìkí: aláìsàn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ẹbí rẹ̀ kan, ó kéré tán, wá. Ẹni náà ni yóò máa bá a gbé, tí yóò máa se oúnjẹ rẹ̀, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò mú un lọ sí ilé-ìwòsàn láàárọ̀, tí yóò sì lọ mú un wálé lọ́sàn-án. Ìyá ni nígbà mìíràn, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá.

Ní ilé-ìwòsàn, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ń lo ohun tí ó jẹ́ tuntun jù lọ lágbàáyé ìgbà náà: ìtọ́jú oníná mànàmáná, insulin, àti chlorpromazine, oògùn tí àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi tọ́jú àrùn ọpọlọ ní 1952. Nígbà tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ìgbé ayé abúlé ni ó kù. Aláìsàn a máa gbọ́ ohùn àwọn ọmọdé, a máa bá àwọn ènìyàn kí ara wọn, a sì lè bá wọn jó bí wọ́n bá ń ṣe àríyá. Àwọn ará abúlé náà rí èrè níbẹ̀. Owó ilé wọlé fún wọn, omi ẹ̀rọ dé, a gbẹ́ ṣáláńgá, a sì gbógun ti ẹ̀fọn. Lámbò tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá sí ibi iṣẹ́ náà, ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà náà ì bá kà sí ìtìjú.

Ǹjẹ́ èrò ìjìnlẹ̀ ni ètò yìí, àbí ọgbọ́n tí àìsí ibùsùn kọ́ni? Àwọn tí wọ́n ń yin Lámbò a máa sọ ọ́ bí ẹni pé ó ti wéwèé gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ìtàn fi hàn ni pé méjèèjì ni. Àìparí ilé ni ó ṣí ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ agbo ilé oníṣègùn ní Ẹ̀gbá kì bá tí rí ọ̀nà náà. Àpẹẹrẹ ti wà nílẹ̀: aláìsàn, ẹbí rẹ̀, àti ilé ẹlòmíràn tí ó gbà wọ́n. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ni Lámbò yọ kúrò níbẹ̀.

Òkìkí, àti owó tí a kò kà

Òkìkí Aró kàn kíákíá. Ní 1956, Lámbò kọ àpilẹ̀kọ nípa iṣẹ́ rẹ̀ sínú British Medical Journal. Ní oṣù Kọkànlá 1961, Abẹ́òkúta gbàlejò ìpàdé àkọ́kọ́ tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ọpọlọ gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ṣe. Ìwádìí tí àwọn ará Aró àti Yunifásítì Cornell jọ ṣe láàárín àwọn Yorùbá di ìwé ní 1963. Ọdún náà ni Lámbò lọ sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968, ó sì lọ sí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva ní 1971. Tọ̀lání Àṣúní ni ó gba ipò ní Aró lẹ́yìn rẹ̀. Lámbò kú ní oṣù Kẹta 2004.

Ohun kan wà tí àwọn oríyìn wọ̀nyí kì í sábà dúró lé lórí. Wọ́n máa ń sọ pé ètò abúlé kò gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Òótọ́ ni, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin: ìyá aláìsàn ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ìjọba ì bá gba ènìyàn láti ṣe. Obìnrin tí ó pa àtẹ rẹ̀ tì, tí ó fi àwọn ọmọ yòókù sí ọ̀dọ̀ orogún tàbí ìyá àgbà, tí ó wá jókòó ní abúlé tí kò mọ ẹnikẹ́ni, kò gba owó oṣù kankan. Kò sí orúkọ rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ 1956, bẹ́ẹ̀ sì ni láìsí i, chlorpromazine nìkan kò lè mú kí aláìsàn jókòó jẹun nílé olóko.

Èyí ni ó sì ṣàlàyé bí ètò náà ṣe rẹ̀yìn. Orí ẹbí tí ó ní àyè ni a gbé e kà, àti orí abúlé tí ó jẹ́ abúlé. Bí iṣẹ́ oṣù àti ilé-ìwé ti ń kó àwọn ènìyàn kúrò nílé, ẹni tí ó lè fi oṣù mélòó kan sílẹ̀ tẹ̀ lé aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Abẹ́òkúta fẹ̀ títí ó fi kan àwọn oko tí ó yí Aró ká. Àwọn ilé tí a retí ní 1954 parí, ibùsùn pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ aláìsàn sì ń sùn sínú wọ́ọ̀dù. Ilé-ìwòsàn náà, èyí tí Lántòrò jẹ́ apá kan rẹ̀, wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Òfin tí ó jogún èrò ọdún 1916 ni ó pẹ́ jù kí ó tó kúrò nílẹ̀: oṣù Kìn-ín-ní 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari tó buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ.

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà lónìí, ẹbí aláìsàn ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ń tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, fúláàsì omi gbígbóná àti abọ́ oúnjẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń retí kí nọ́ọ̀sì pe orúkọ wọn láti lọ ra oògùn. Ní Aró ti 1954, yàrá wà fún wọn.