Alátakò Tí Kò Sí Nínú Ìwé Ìjà: Dick Tiger, Ìbàdàn àti Ọdún 1963

Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju ìbéèrè kan lọ: nígbà tí a bá ń kọ ìtàn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò kan, àwọn wo ni a ń kà mọ́ àwọn tí ó bá a jà? Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ ni àkọsílẹ̀ àbájáde ìjà: ọjọ́, ibi, orúkọ ẹni tí wọ́n jọ jà, iye abala, ẹni tí ó borí. A kò fojú kéré irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí láìsí i, a kò ní rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò tiwa ni pé, ní ti Richard Ihetu, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Dick Tiger, alátakò tí ó le jù lọ kò sí nínú àkọsílẹ̀ náà rárá, àti pé níbi ìjà tí ó jà ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ, 1963 ni a ti lè kọ́kọ́ rí òjìji rẹ̀.

Ibi tí ìbéèrè náà ti wá lè pa àwọn olùkọ́ wa lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi í pamọ́. Ní ìlú Masífà, ní àgbègbè Èjìgbò, tí í ṣe ìlú òǹkọ̀wé yìí, àwọn ọmọdé kan ń ta géèmù ẹ̀ṣẹ́ kíkàn lórí ẹ̀rọ àlòkù kan tí ẹnì kan kó bọ̀ láti Àbíjáǹ. (Ẹni tí ó bá mọ Èjìgbò mọ̀ pé ohun tí ó ti Àbíjáǹ dé kì í ṣe àjèjì níbẹ̀.) Orúkọ géèmù náà ni Punch-Out!!, èyí tí ilé-iṣẹ́ Nintendo ti ilẹ̀ Japan gbé jáde ní 2009. Ọmọ kan ti lu gbogbo àwọn tí orúkọ wọn wà lára àtẹ. Ó ti gba bẹ́líìtì. Àwọn kan náà ti kọ́ ọgbọ́n kún ọgbọ́n, wọ́n padà wá, ó sì tún ti lù wọ́n. Nígbà tí ó rò pé kò kù ẹnì kan mọ́, ìnàkí ńlá kan wọ agbo. Orúkọ ìnàkí yìí, Donkey Kong, kò sí lára àtẹ. Ọmọ náà yí sí mi, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ta ló pe eléyìí?"

Òfin géèmù náà yẹ ní kíkíyèsí. Ní ìpele ìkẹyìn yìí, akànṣẹ́ kọ́ ni ó ń yan ẹni tí yóò bá jà; ẹ̀rọ ni ó ń yàn fún un. Bí ó bá sì pàdánù ìjà mẹ́ta níbẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì nìyẹn, kò sí ìpadàbọ̀. Èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1987, tún kọ́ni lọ́gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mike Tyson ni alátakò ìkẹyìn nínú rẹ̀. Láàrin ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ àkọ́kọ́, ẹyọ ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ kan tó láti gbé ẹnikẹ́ni ṣubú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún géèmù náà gbé jáde ní 1990, Tyson ti di àwátì. Ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Mr. Dream, tí ìjà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Tyson, ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Lóòótọ́, Buster Douglas ti lu Tyson ní Tokyo ní ọjọ́ 11, oṣù Kejì ọdún náà. Síbẹ̀, Tyson kò jáde nínú géèmù nítorí pé ẹnì kan gbá a ṣubú níbẹ̀. Àdéhùn orí ìwé ni ó parí, tí Nintendo kò sì tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ àdéhùn orí ìwé yìí sọ́kàn.

Pé alátakò gidi lè máà jẹ́ ẹni tí ó dúró níwájú ẹni kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí a ti inú géèmù kọ́. Ní Èjìgbò, nígbà ọdún Òrìṣà Ògìyán, àwọn ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣọ́lọ̀ àti àwọn ará Òkè Màpó a máa fi àtòrì na ara wọn. Pierre Verger kọ ìtàn tí ó wà nídìí rẹ̀ sílẹ̀. Awoléjé babaláwo, ọ̀rẹ́ ọba, padà dé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó sì fi orúkọ tí ó mọ ọba mọ́ látijọ́ béèrè rẹ̀, kí Èjìgbò tó di ìlú olódi. Àwọn oníbodè rò pé ó ń rí ọba fín. Wọ́n lù ú, wọ́n sì tì í mọ́lé. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Àwọn obìnrin kò bímọ. Ẹṣin ọba kò rí koríko jẹ. Nígbà tí Ifá tú àṣírí, tí wọ́n sì bẹ̀ ẹ́, ohun tí ó béèrè ni pé kí àwọn ará ìlú máa na ara wọn ní ọdọọdún. Ẹni tí ó bá wo ìjà yìí láti òkèèrè yóò sọ pé Ọ̀ṣọ́lọ̀ ni ó ń bá Màpó jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí àwọn méjèèjì jọ ń san gbèsè fún kò sí lójú agbo.

Láti Aba dé Ìbàdàn

Ìlú Amaigbo, ní Ìpínlẹ̀ Ímò òde òní, ni wọ́n bí Ihetu sí ní 1929. Ó ṣòwò ní Aba, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ní 1955 ó wọ ọkọ̀ lọ sí Liverpool, ìlú tí Hogan Bassey ti lọ ṣáájú rẹ̀. Ìjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó kọ́kọ́ jà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó pàdánù. Bí ó bá jẹ́ òfin géèmù àwọn ọmọ Masífà ni wọ́n fi ṣe é, ìtàn rẹ̀ ìbá ti parí níbẹ̀.

Kò parí. Ní 1957 Bassey lu Cherif Hamia ní Paris, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò gba adé ayé. Ní oṣù Kẹta 1958 Tiger náà lu Pat McAteer, ó gba adé ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọjá sí Amẹ́ríkà ní 1959. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹwàá, 1962, ní San Francisco, ó na Gene Fullmer fún abala mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì gba bẹ́líìtì ayé. Wọ́n tún pàdé ní Las Vegas ní ọjọ́ 23, oṣù Kejì, 1963, wọ́n ta ọ̀mì. Ìpàdé kẹta ni ti Ìbàdàn.

Ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ

Ìjà náà fúnra rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Fullmer, ọmọ West Jordan ní Utah, jẹ́ akínkanjú tí kì í sá sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn kò rí ọ̀nà kankan. Nígbà tí abala keje parí, ojú rẹ̀ ti fara gbọgbẹ́, àwọn tirẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó jáde fún ẹ̀kẹjọ. Kò tún kan ẹ̀ṣẹ́ mọ́ títí ayé rẹ̀. Johannesburg ti rí ìjà fún adé ayé ní 1950, ṣùgbọ́n ti Ìbàdàn ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn dúdú ti ń ṣe ìjọba ara wọn.

Ohun tí ó gba ọ̀rọ̀ ni ibi tí wọ́n ti jà á. Pápá-ìṣeré Liberty, tí ó lè gba nǹkan bí 35,000 ènìyàn, jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. 1960 ni wọ́n ṣí i. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, 1962, ìjọba àpapọ̀ kéde òfin pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì fi Dókítà Majẹ́kódùnmí ṣe alákòóso. Akíntọ́lá kò padà sórí àga títí di oṣù Kìn-ín-ní 1963. Ní ọjọ́ 13, oṣù Keje, ìdìbò ti ya Àárín-Gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tí Tiger àti Fullmer wọ agbo, ẹjọ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́ ní Èkó. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Oṣù kan ààbọ̀ péré ni ó kù kí Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira aláìlọ́ba, ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá.

Jack Solomons, ará Lọ́ńdọ̀nù, ni aṣètò ìjà náà, ìjọba Nàìjíríà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan lè sọ pé ẹ̀tàn lásán ni, pé wọ́n fi eré bo ojú ọgbẹ́. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ayọ̀ àwọn ènìyàn náà jẹ́ òtítọ́. Ọmọ Ìgbò ni ó wà láàrin agbo, Ìbàdàn ni ó ń hó fún un, kò sì sí ẹni tí ó bi í ní ilé baba rẹ̀ kí ó tó hó. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí akọ̀tàn wo ìdí mìíràn: àwọn tí ó lágbára láti mú ìjà wá sí Ìbàdàn ni wọ́n lágbára láti mú un lọ. Tiger ni ó ni ẹ̀ṣẹ́. Òun kọ́ ni ó ni àtẹ.

Àdéhùn

Kò pé oṣù mẹ́rin tí èyí fi hàn. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá, 1963, ní Atlantic City, Joey Giardello fi máàkì gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlérí wà pé wọn yóò tún pàdé, ìpàdé náà kò sì wáyé títí di ọjọ́ 21, oṣù Kẹwàá, 1965. Ọdún méjì tó kù díẹ̀! Tiger ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì nígbà náà. Àkọsílẹ̀ yóò sọ fún wa pé ó pàdánù, ó sì tún gbà á padà. Yóò fi ìlà méjì péré kọ ọ́. Àárín ìlà méjèèjì ni òǹkọ̀wé yìí rò pé ìjà tí ó le jù wà: ọkùnrin kan tí ara rẹ̀ ń dàgbà, tí ó ń dúró de ìbuwọ́lù. Adéyínká Makinde, tí ó tẹ ìwé ìtàn ìgbésí-ayé Tiger jáde ní 2005, ni gbogbo wa jẹ ní gbèsè lórí ọ̀ràn yìí. Síbẹ̀, àwọn tí ó ń ka bẹ́líìtì nìkan ń fo ọdún méjì náà bí ẹni fo kòtò.

Ogun

Ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹrin, 1966, Emile Griffith gba bẹ́líìtì náà. Tiger gòkè sí ìwọ̀n tí ó wúwo ju tirẹ̀ lọ, ó sì lu José Torres ní ọjọ́ 16, oṣù Kejìlá. Ọdún yẹn ni wọ́n gba ìjọba lẹ́ẹ̀mejì ní Nàìjíríà, tí wọ́n sì pa àwọn ọmọ Ìgbò ní ìpakúpa ní Àríwá. Tiger tún lu Torres ní ọjọ́ 16, oṣù Karùn-ún, 1967. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 30, wọ́n kéde Biafra. Tiger wọ iṣẹ́ ológun Biafra, wọ́n sì fi oyè lẹ́fútẹ́náǹtì dá a lọ́lá. Ẹni tí Ìbàdàn hó fún gẹ́gẹ́ bí Nàìjíríà ti di ọ̀tá Nàìjíríà láàrin ọdún mẹ́rin, láìyí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ padà.

Ní ọjọ́ 24, oṣù Karùn-ún, 1968, ní New York, Bob Foster gbá a ṣubú ní abala kẹrin. Òun nìkan ni ó gbá Tiger ṣubú tí kò lè dìde kí wọ́n tó kà á tán. Foster kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó ga jù ú lọ púpọ̀, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ sì burú. A kò gba ìṣẹ́gun rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù kan náà ni Port Harcourt bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ-ogun ìjọba àpapọ̀. Benjamin Adékúnlé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ni ó kó wọn lọ, Ògbómọ̀ṣọ́ kò sì jìnnà sí Masífà. Ìwé ìjà kọ Foster sílẹ̀, kò kọ Port Harcourt. A kò lè kọ̀wé lórí èyí bí ẹni tí ó wà lókèèrè. Bí alátakò kan bá wà tí orúkọ rẹ̀ kò sí lára àtẹ, díẹ̀ lára àwọn tí ó hó ní Ìbàdàn wà lára rẹ̀, àti díẹ̀ lára àwọn bàbá tiwa. Àwọn oníbodè Èjìgbò náà kò mọ ẹni tí wọ́n ń lù.

Ní 1969 Tiger dá àmì-ẹ̀yẹ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un padà, nítorí ìhà tí wọ́n kọ sí Biafra. Ó kan ẹ̀ṣẹ́ ìkẹyìn rẹ̀ ní oṣù Keje 1970, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ogun parí, Griffith sì borí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di ọlọ́dẹ ní Metropolitan Museum of Art ní New York, níbi tí ó ti ń ṣọ́ ohun ọnà. Ìgbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni àwọn dókítà rí jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ó padà sí Aba, ó sì kú níbẹ̀ ní ọjọ́ 14, oṣù Kejìlá, 1971, ní ọmọ ọdún méjìlélógójì.

Pápá-ìṣeré Ìbàdàn ṣì wà ní Òkè-Àdó. Láti 2010 kò jẹ́ Liberty mọ́. Orúkọ Awólọ́wọ̀, tí ó wà lẹ́nu ẹjọ́ ní Èkó lọ́jọ́ ìjà náà, ni wọ́n fi sọ ọ́.