Ikú Nínú Ìkòkò: Bí A Ṣe Lè Dáàbò Bo Àwọn Ọmọdé Lọ́wọ́ Májèlé Inú Ilé

Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kẹrin, ní ìtàn kan tí a kì í sábà wàásù lé lórí. Ní ìgbà ìyàn ní Gílígálì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wòlíì jáde lọ sí oko láti wá ewébẹ̀. Ó rí ìtàkùn igbó kan, ó ká èso rẹ̀ kún aṣọ rẹ̀, ó sì rẹ́ ẹ sínú ìkòkò ọbẹ̀, nítorí kò mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí àwọn ènìyàn fi ẹnu kàn án ni wọ́n kígbe pé ikú wà nínú rẹ̀. Kò sí ọ̀tá kankan nínú ìtàn náà. Ẹni tó se ọbẹ̀ fẹ́ràn àwọn tó fẹ́ bọ́; àìmọ̀ nìkan ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀pọ̀ májèlé ṣe ń wọ inú ilé wa lónìí.

Nígbà tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ibòmíràn ni ọkàn wa kọ́kọ́ ń lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí kú lójijì ní Òde-Ìrèlè, ní ìhà gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí. Orí a fọ́ wọn, ojú wọn a ṣókùnkùn, wọn a sì dákú. Àwọn tó kú lé ní 17. Ọ̀rọ̀ tàn kálẹ̀ pé òrìṣà ìlú ló ń bínú nítorí àwọn kan tí wọ́n wọ ojúbọ rẹ̀. Àwọn mìíràn bẹ̀rù pé Ẹ̀bólà ti dé. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò jáde láti ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Èkó, methanol ni wọ́n bá, èyí tí í ṣe ọtí olóró tí ó ti wọ inú ògógóró tí wọ́n mu. Bí methanol bá dé inú ara, ó ń yí padà di ásíìdì tí ń ba iṣan ojú jẹ́. Ìdí nìyí tí ojú wọn fi ṣókùnkùn. Ìtọ́jú wà fún un bí aláìsàn bá tètè dé ilé ìwòsàn. Àwọn wákàtí tí a bá fi ń bi òrìṣà léèrè lè pa ènìyàn.

Mo mẹ́nu kan èyí nítorí àwọn ọmọdé. Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ jẹ́ ìlú ọjà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, ibi tí iṣu, àgbàdo, gàrí àti ẹ̀wà ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá. Níbi tí oúnjẹ bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, oògùn oko náà kì í jìnnà: oògùn apako, oògùn eku, òtapiápiá, àti oògùn kòkòrò tí a ń dà sí ẹ̀wà. Ọmọ ọdún méjì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín oògùn oko àti omi mímu. Ohun tí ó mọ̀ ni ìgò.

Ìgò ni olórí ọ̀rọ̀ náà. Kẹrosíìnì ni àwọn dókítà ọmọdé ní ilẹ̀ wa ti ń rí jù lọ láti ọjọ́ pípẹ́ lára àwọn ohun tí ọmọdé ń ṣèèṣì mu, ìdí rẹ̀ sì rọrùn: a ń rà á sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí ìgò omi, a sì ń gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ nínú ọyẹ́, ó rí omi funfun nínú ìgò tó mọ̀, ó sì gbé e mu. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un tí ó kan àwa ìjọ. Ìgò òróró àdúrà àti ìgò omi àdúrà pẹ̀lú kì í ṣófo lásán. Bí òróró bá tán, a máa ń bu nǹkan mìíràn sí i. Ọmọ tí ó ti rí i tí ìyá rẹ̀ ń mu nínú ìgò bẹ́ẹ̀ kò ní bẹ̀rù rẹ̀.

Ewu kẹrosíìnì kò sí nínú ikùn tó bí ó ti wà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó fúyẹ́, ó sì ń yọ́ sínú ọ̀nà èémí nígbà tí ọmọ bá ń wúkọ́ tàbí tí ó bá ń bì. Nítorí náà, ẹni tó ti ìka bọ ọmọ lọ́nà ọ̀fun kí ó lè bì í jáde, tàbí tó rọ epo pupa fún un, ń fún kẹrosíìnì ní ọ̀nà kejì sí ẹ̀dọ̀fóró. Mo mọ̀ pé epo pupa ti di àṣà láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wa, bẹ́ẹ̀ sì ni wàrà inú agolo. Ẹnì kan lè sọ pé Èlíṣà pàápàá da ìyẹ̀fun sínú ìkòkò. Iṣẹ́ ìyanu ni Bíbélì pa ìròyìn rẹ̀ fún wa níbẹ̀. Kò kọ ìwé oògùn fún wa. Kí a má ṣe fún ọmọ náà ní ohunkóhun. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn bí ó tilẹ̀ ń ṣeré, nítorí ikọ́ àti èémí kíákíá lè má bẹ̀rẹ̀ títí di wákàtí mélòó kan.

Kọ́sítíkì sódà, tí àwọn tí ń se ọṣẹ ń lò, burú ju èyí lọ. Ó ń jó ẹnu àti ọ̀fun ọmọ lójú ẹsẹ̀, bí a bá sì mú kí ọmọ bì í, ó ń jó o lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ tí ó là á já lè wà pẹ̀lú ọ̀fun tó ti há, tí oúnjẹ kò fi ní gba ibẹ̀ kọjá mọ́ láìṣe iṣẹ́ abẹ. Kí a fi omi fọ ẹnu rẹ̀, kí a sì sáré.

Ní ti oògùn oko, àwọn àgbà tó dá oko kòkó ní ìpínlẹ̀ yìí kò ní gbàgbé Gammalin 20, tí a fi ń pa kòkòrò ara kòkó kí ìjọba tó fi òfin dè é. Agolo rẹ̀ ṣófo tán, a fọ̀ ọ́, a sì fi pọn omi. Ìwà náà kò tíì tán pẹ̀lú agolo àwọn oògùn tòde òní. Dichlorvos, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Sniper, wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ NAFDAC fi ka títa ìgò kékeré rẹ̀ (mílílítà 100) léèwọ̀ ní ọdún 2019. Ní ọdún 2015 ni ilẹ̀ Yúróòpù ti kọ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn yìí kan náà. Ẹ̀wà tí wọ́n kọ̀ lọ́hùn-ún, ta ni ó ń jẹ ẹ́ níhìn-ín? Fún ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀wà, àpò onípele mẹ́ta tí a ń pè ní PICS ń pa kòkòrò láìlo oògùn, nítorí pé kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé.

Ẹ̀yin àlùfáà wa, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ara balẹ̀ síbí. Ọmọ tí oògùn kòkòrò wọ̀ lára máa ń yọ ìfófòó lẹ́nu, ó ń làágùn, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ọmọlójú rẹ̀ a sì kéré bí orí abẹ́rẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ yóò sọ pé gìrì ni, tàbí pé ayé ló ṣe é, yóò sì gbé e wá sí ilé àdúrà. Oògùn kan wà ní ilé ìwòsàn tí ń jẹ́ atropine, tí ń dojú kọ oró yìí gan-an. Ẹ gbàdúrà nínú ọkọ̀, ẹ má ṣe gbà á dúró lórí pẹpẹ.

Gìrì fúnra rẹ̀ ti sọ àwọn òbí kan di ẹni tí ń fi ọwọ́ ara wọn fún ọmọ ní májèlé. Àgbo ìtọ̀ màlúù, tí a fi ewé tábà, ẹfínrín, àlùbọ́sà àti iyọ̀ pò, ni àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn ti kọ̀wé lé lórí. Ó ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀, ó sì ń mú ọmọ dákú ju bí gìrì ti ṣe é lọ. Kí a má ṣe rò pé àgbo nìkan ni ó lẹ́bi. Ní ọdún 2008, oògùn eyín yíyọ kan tí a ń pè ní My Pikin pa ọmọ 84 ní orílẹ̀-èdè yìí, nítorí pé diethylene glycol wà nínú rẹ̀, oró tí ń ba kíndìnrín jẹ́. Ní ọdún 1990, oró kan náà nínú oògùn ibà olómi ti pa àwọn ọmọdé ní Ìbàdàn àti Jos. Ní ọdún 2022, ó tún pa ọmọ tó lé ní 60 ní orílẹ̀-èdè Gáḿbíà. Ọmọ tí a fún ní oògùn tí kò tọ̀ mọ́ ní ọjọ́ kan gbáko, kí a tètè gbé e lọ. Kí a sì wo nọ́ńbà NAFDAC lára oògùn kí a tó rà á, kí a má rà á lórí igbá ní mọ́tò.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí aláboyún ń lò ń gbàgbé jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ó pupa, ó ń dán bí súìtì, ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ sì lè pa ọmọ kékeré. Kí a má sì ṣe pe oògùn ní súìtì láti fi tan ọmọ.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀: kí a yọ aṣọ tí oògùn ta sí, kí a sì fi omi púpọ̀ àti ọṣẹ fọ ara, bí ó bá jẹ́ ojú, kí a da omi sí i fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Ọmọ tó dákú, kí a fi ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ. Ẹni tí èéfín jẹnẹrétọ̀ mú, kí a kọ́kọ́ gbé e síta. Kí a mú ìgò tàbí páálí náà dání lọ, kí a sì rántí aago tí ó mu ún. Láti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, ẹni tó bá dojú kọ Àkúrẹ́ yóò bá ilé ìwòsàn ìkọ́ni níbẹ̀, ti UNIMED sì wà ní ìlú Oǹdó. Ẹni tó bá dojú kọ Ọ̀wọ̀ yóò bá ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀. Kí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ kọ orúkọ ẹni tó ní mọ́tò tí a lè kàn ilẹ̀kùn rẹ̀ lóru sára ògiri gbọ̀ngàn.